"Amicable" àti "inimical": ọ̀rẹ́ ló wà nídìí méjèèjì

Akẹ́kọ̀ọ́ mi kan kọ ọ́ sínú àròkọ pé lánlọ́ọ̀dù òun "is inimical", àmọ́ pé ìyá tó wà ní yàrá kejì "is amicable". Ohun tó fẹ́ sọ yé mi: ọ̀kan rorò, ara èkejì yá mọ́ èèyàn. Síbẹ̀, mo fi báírò pupa fa ìlà sábẹ́ méjèèjì.

Inú èdè Látìn ni wọ́n ti wá. Amicus ni àwọn ará Róòmù ń pe ọ̀rẹ́. Iṣẹ́ tí "àì" ń ṣe nínú àìlera ni "in-" ń ṣe níwájú rẹ̀. Bó ṣe wọlé báyìí, "a" yí padà di "i", ó di inimicus, ọ̀tá. Ibẹ̀ náà ni "enemy" ti ṣẹ̀ wá, ọ̀nà ilẹ̀ Faransé ló kàn gbà dé Ìlú Ọba.

"Amicable" kì í sábà júwe èèyàn. Ohun tó wà láàárín èèyàn ló ń júwe: àdéhùn, ìjíròrò, àní ìkọ̀sílẹ̀ pàápàá. Tọkọtaya tó pínyà láìjà láìta, tí wọ́n fẹnu kò lórí ọmọ àti ẹrù, "amicable divorce" ni tiwọn. Kò dandan kí wọ́n ṣì fẹ́ràn ara wọn o! Kí ọ̀rọ̀ ṣáà ti tán nírọwọ́rọsẹ̀. Ìyá oníyàrá kejì yẹn, "amiable" ló yẹ ẹ́, tàbí kẹ́ ẹ kúkú sọ pé "friendly".

"Inimical" ní tirẹ̀ fẹ́ràn kí "to" tẹ̀ lé e. Lóòótọ́, a lè rí i kó júwe ojú tàbí ohùn ọ̀tá, àmọ́ ohun tó ń pa nǹkan mìíràn lára ló sábà máa ń júwe. Ilẹ̀ oníyọ̀ "is inimical to yams". Iyọ̀ ò bínú iṣu, kò tilẹ̀ mọ̀ ọ́n, síbẹ̀ kò ní jẹ́ kó ta.

Ẹ ṣọ́ ohùn yín náà: AM-i-ca-ble, i-NIM-i-cal.

Lánlọ́ọ̀dù wá ńkọ́? "Hostile" tó o. Ṣùgbọ́n jẹnẹrétọ̀ rẹ̀ tó ń ké lábẹ́ fèrèsé ọmọ náà di aago méjì òru, ìyẹn "is inimical to sleep" dáadáa.