Ọjọ́ Kẹrin tí Ìwúkàrà Dákẹ́

Bí ènìyàn bá po ìyẹ̀fun àlìkámà mọ́ omi lónìí, tó rọ ọ́ sínú ìgò, tó sì gbé e sí kọ̀rọ̀ yàrá ìdáná ní Àkúrẹ́, kí ó tó di ìwòyí ọ̀la ó ti lè máa hó, kó sì wú dé ìlọ́po méjì. Ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ti ń ṣì í. Wọ́n á ní ìwúkàrà ti dé, wọ́n á fi po búrẹ́dì lọ́jọ́ náà, búrẹ́dì á sì le bí òkúta. Ohun tó ń hó lọ́jọ́ kejì kì í ṣe ìwúkàrà rárá.

Levain ni àwọn Faransé ń pe ìwúkàrà tòótọ́. Ìyẹ̀fun, omi àti ọjọ́ mélòó kan ni, kò sí yíìsì inú páálí níbẹ̀. Òfin tí wọ́n ṣe nípa búrẹ́dì ní ilẹ̀ Faransé ní 1993 tiẹ̀ sọ bí búrẹ́dì levain ṣe gbọ́dọ̀ kan tó: pH rẹ̀, ìyẹn òṣùwọ̀n tó jẹ́ pé bó bá ṣe kéré sí ni nǹkan ṣe kan sí, kò gbọdọ̀ ju 4.3 lọ. Ẹni tó bá ti rẹ ògì rí ti mọ ìdajì iṣẹ́ náà, torí pé ẹbí kan náà ni àwọn bakitéríà tó ń mú omi ògì kan àti àwọn tó ń mú levain kan.

Gíráàmù 50 àlìkámà tí a lọ̀ pẹ̀lú èèpo rẹ̀ àti gíráàmù 50 omi tó láti fi bẹ̀rẹ̀. Fùláwà funfun nìkan máa ń pẹ́, torí ara èèpo ni àwọn ohun abẹ̀mí tí a ń wá pọ̀ sí jù. Bí ẹ bá ra àlìkámà ní Ọjà Ọba, ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń lọ èlùbọ́ ni kí ẹ gbé e lọ, ẹ má gbé e dé ìdí ẹ̀rọ ata. Omi ẹ̀rọ tó ń rùn kẹ́míkà, ẹ ṣí i sílẹ̀ di ọjọ́ kejì kí ẹ tó lò ó.

Ẹ wo ìgò náà bí ilé tuntun tí ẹnikẹ́ni lè kó wọ̀. Àwọn ayálégbé àkọ́kọ́ jẹ́ aláriwo: bakitéríà bíi Leuconostoc. Ara ìyẹ̀fun gan-an ni ọ̀pọ̀ wọn ti wá. Wọ́n ń jẹ, wọ́n ń tú afẹ́fẹ́ sílẹ̀, òun ló ń gbé ìyẹ̀fun sókè lọ́jọ́ kejì, òórùn rẹ̀ á sì dà bíi ti ìbọ̀sẹ̀ tí òjò pa. Ṣùgbọ́n bí wọ́n ṣe ń jẹun, àwọn àti ẹbí omi ògì tó wọlé tẹ̀lé wọn, ni ilé ń kan sí i. Kíkan yìí ni owó ilé níbẹ̀, ojoojúmọ́ ló sì ń gbówó lórí. Tó bá di ọjọ́ kẹta tàbí ìkẹrin, apá àwọn aláriwo kò ká a mọ́. Wọ́n á kú. Ilé á pa rọ́rọ́, omi á lé sójú ìyẹ̀fun, kò ní wú rárá.

Ìgbà yìí gan-an ni wọ́n ń da ìgò nù, ó sì máa ń dunni, torí ó ku díẹ̀. Yíìsì tòótọ́ tó ti wà lára èèpo àlìkámà láti ọjọ́ kìíní ṣẹ̀ṣẹ̀ ń rí àyè ni. Kíkan kò ni ín lára. Ẹ ṣáà máa fún un lóúnjẹ: lójoojúmọ́, ẹ mú gíráàmù 50 nínú ti àná, ẹ fi ìyẹ̀fun 50 àti omi 50 kún un. Láàárín ọjọ́ kẹfà sí ìkẹwàá, òórùn á yí padà di ti ṣẹ̀kẹ̀tẹ́ tuntun, yóò sì máa wú lásìkò kan náà lójoojúmọ́. Kíkan yìí kan náà ló ń lé èbù àti àwọn kòkòrò búburú sẹ́yìn. Ilé tó ń fi owó ilé nìkan lé olè, tí kò gba ọdẹ kankan, ọgbọ́n ńlá ni. Àmọ́ bí ẹ bá rí ilà pupa tàbí irun èbù lójú rẹ̀, gbogbo rẹ̀ ni kí ẹ dà nù.

Èyí tí a ń yọ sọ́tọ̀ máa ń ká àwọn ènìyàn lára. Bí a kò bá yọ ọ́, 150 á di 450, 450 á di 1,350, láàárín ọjọ́ méjì péré. Ti ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́, ẹ má jẹ ẹ́. Lẹ́yìn tó bá ti gbó, gíráàmù 100 rẹ̀, ẹyin kan, mílíìkì bíi mililítà 60 àti iyọ̀ díẹ̀ á di crêpe, pańkéèkì fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ àwọn Faransé, nínú páànù. Ẹ ká a mọ́ máńgòrò lóṣù kẹrin.

Àléébù ètò yìí ni pé ooru ni aago rẹ̀, ooru Àkúrẹ́ kì í sì í ṣe ti Faransé. Ìlànà tó ní kí levain wú fún wákàtí mẹ́jọ gbà pé ilé tutù. Lóṣù kẹta níbí, tí yàrá ìdáná ń kọjá 30°C, wákàtí mẹ́rin ti tó, lẹ́yìn náà yóò bẹ̀rẹ̀ sí í wálẹ̀. Ẹ fi rọ́bà yí ara ìgò ká níbi tí ìyẹ̀fun dé, ojú ìgò ni kí ẹ gbà gbọ́. Bí ẹ bá fẹ́ kó di òru mọ́jú, ẹ dín èyí tí ẹ ń mú nínú ti àná kù sí gíráàmù 10, kí ìyẹ̀fun àti omi ṣì jẹ́ 50, 50. Levain tó ti kan kọjá àlà ń já ohun tó ń mú kí ìyẹ̀fun fà bíi rọ́bà. Ìyẹ̀fun tí ẹ pò á tẹ́ pẹrẹsẹ lórí pákó, inú búrẹ́dì á sì máa lẹ̀ mọ́ ọ̀bẹ. Ọ̀pọ̀ á ní fùláwà ni kò dára.

Búrẹ́dì fúnra rẹ̀ kò le: fùláwà gíráàmù 500, omi 340, levain tó wà ní góńgó wíwú 100, iyọ̀ 10. Ẹ jẹ́ kó wú fún bíi wákàtí mẹ́rin, ẹ dì í rogodo, ẹ gbé e sínú fìríìjì di òwúrọ̀. Ìkòkò irin tó ti gbóná dáadáa nínú oven ní 240°C ni yóò wọ̀, ìṣẹ́jú 20 pẹ̀lú ìdérí, 20 láìsí i. Ooru omi tí ìdérí sé mọ́ inú ni kì í jẹ́ kí ẹ̀yìn búrẹ́dì tètè gan, kí ó lè ráyè ga.

Nígbà ọyẹ́, ẹ tẹ́ levain fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ sórí nylon mímọ́. Lọ́jọ́ kejì á ti gbẹ ṣáká. Ẹ fọ́ ọ wẹ́wẹ́ sínú ìgò tó ní ìdérí, ẹ fi pamọ́. Bí levain inú fìríìjì bá bàjẹ́ nígbà tí kò síná, gíráàmù 10 nínú èyí tó gbẹ yìí tí a rẹ sínú omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ gíráàmù 20, tí a fi ìyẹ̀fun 20 lé, á jí láàárín ọjọ́ mẹ́ta.