Bàtà aláwọ àwọn Kóptì ayé àtijọ́

Bàtà aláwọ àwọn Kóptì ni bàtà àti sálúbàtà tí wọ́n ń rán ní ilẹ̀ Íjíptì láti nǹkan bí ọ̀rúndún 3 sí ọ̀rúndún 8 lẹ́yìn ikú Kristi. Kóptì ni wọ́n ń pe àwọn Kristẹni ọmọ ilẹ̀ náà, ṣùgbọ́n kì í ṣe Kristẹni nìkan ló wọ àwọn bàtà yìí. Ibojì ni wọ́n ti hú púpọ̀ nínú wọn, pàápàá ní Akhmim àti Antinoë, níbi tí Albert Gayet, ọmọ ilẹ̀ Faransé, ti bẹ̀rẹ̀ sí í walẹ̀ ní 1896. Iyanrìn gbígbẹ ni kò jẹ́ kí awọ wọn jẹrà.

Láyé àwọn Fáráò, òróró ni wọ́n sábà máa ń fi pa awọ kó lè rọ̀. Ìgbà ìjọba Gíríìkì àti Róòmù ni fífi èso igi ṣe awọ wá gbilẹ̀. Èso igi ẹlẹ́gùn-ún tí àwọn Hausa ń pè ní bagaruwa wà lára ohun tí wọ́n ń lò. Wọ́n ṣì ń fi ṣe awọ ní Kánò títí dòní.

Ojú ìrán ni ọgbọ́n iṣẹ́ náà wà. Awọ ewúrẹ́ tàbí ti àgùntàn ló sábà máa ń wà lókè. Aránbàtà á fi òwú ọ̀gbọ̀ tàbí awọ tẹ́ẹ́rẹ́ rán an mọ́ ìsàlẹ̀ bàtà lódì, bí ìgbà tí télọ̀ bá ń rán ẹ̀wù. Bó bá parí, á rẹ ẹ́ lómi kó lè rọ̀, á wá yí gbogbo rẹ̀ padà sí ojú rere. Ojú ìrán á wọ inú lọ, ilẹ̀ kò sì ní rí òwú rẹ̀ jẹ.

Ẹ̀ṣọ́ ara wọn pọ̀. Òmíràn jẹ́ awọ pupa tí wọ́n fi wúrà pẹlẹbẹ lẹ̀ lára. Wọ́n tún máa ń gé ihò wẹ́wẹ́ sí awọ kan, kí wọ́n tó fi awọ oníwúrà tẹ́ ẹ nísàlẹ̀, kí wúrà lè máa yọjú láti inú ihò. Àwọn kan ń wọ ìbọ̀sẹ̀ sí sálúbàtà: ìbọ̀sẹ̀ pupa kan láti Oxyrhynchus, ìlú àtijọ́ kan ní Íjíptì, tó wà ní Lọ́ńdọ̀nù báyìí, pín sí méjì níwájú kí okùn sálúbàtà lè gba àárín ọmọ ìka kọjá.

Ìjọ Kóptì kò fojú kéré iṣẹ́ yìí. Ìtàn wọn sọ pé nígbà tí Máàkù Mímọ́ dé Alẹkisáńdíríà, bàtà rẹ̀ já, ó sì gbé e fún aránbàtà kan, Anianus. Irin tí Anianus fi ń lu awọ gún un lọ́wọ́, Máàkù sì wò ó sàn. Anianus yìí ló di olórí ìjọ náà lẹ́yìn Máàkù.