Ẹ̀kọ́ ọmọ tí kì í ṣe ẹrú, àti bó ṣe dé Àgbádárìgì

Ìpàdé òbí àti tíṣà kan tá a ṣe ní Àgbádárìgì níbí fẹ́ẹ̀ dìjà, àwọn kan ní kí tíṣà mú pàṣán, kí táímù tébù wọ àwọn ọmọ lórí, àwọn míì ní rárá o, ẹ jẹ́ kí ọmọ fọwọ́ ara ẹ̀ ṣe é kó sì máa béèrè ìbéèrè. Ìjà yìí ti pẹ́ láyé gan-an.

Àwọn ará Róòmù ló sọ ẹ̀kọ́ kan ní artes liberales, ẹ̀kọ́ tó yẹ ọmọ tí kì í ṣe ẹrú. Nígbà tó yá ó di méje: gírámà, àríyànjiyàn tó mọ́gbọ́n dání, ọ̀rọ̀ sísọ láwùjọ, ìṣirò, jiọ́mẹ́tírì, orin àti ìmọ̀ ìràwọ̀. Ẹ wo bí wọ́n ṣe tò ó o. Ọmọ á há gírámà sórí, àmọ́ kò ní dúró síbẹ̀, á jiyàn, á sì dìde sọ tẹnu ẹ̀. Bí babaláwo náà ṣe ń ṣe nìyẹn, á kọ́kọ́ há ẹsẹ Ifá sórí kó tó lè túmọ̀ ẹ̀ fún ẹni tó jókòó níwájú ẹ̀.

Ní 1896 John Dewey, onímọ̀ ẹ̀kọ́ ará Amẹ́ríkà kan, ṣí ilé ìwé kan ní Yunifásítì Chicago, àwọn ọmọ ń se oúnjẹ, wọ́n ń hun aṣọ, ibẹ̀ ni wọ́n ti ń rí ìṣirò àti sáyẹ́ǹsì kọ́. Àwọn kan wá bá a ṣe é lásejù, òun fúnra ẹ̀ kọ̀wé ní 1938 pé kò yẹ ká sọ ọ́ di ti àtijọ́ nìkan tàbí ti tuntun nìkan.

Àmọ́ lójú tèmi, Àjàyí Crowther ti so méjèèjì pọ̀ kí wọ́n tó bí Dewey. Wọ́n kó o lẹ́rú ní 1821, ọkọ̀ ogun Gẹ̀ẹ́sì gbà á sílẹ̀ lójú òkun ní 1822, ó sì wà lára àwọn tó kọ́kọ́ wọ ilé ẹ̀kọ́ Fourah Bay ní Freetown, ní Sierra Leone, ní 1827. Ó kọ́ Látìn àti Gíríìkì, ẹ̀kọ́ àwọn tí kì í ṣe ẹrú, ẹni tí wọ́n ti tà rí! Nígbà tí gírámà sì wọ̀ ọ́ lára tán, èdè ìyá ẹ̀ ló gbé e lé, ó tẹ ìwé ọ̀rọ̀ Yorùbá jáde ní 1843. Ọdún yẹn náà ni tọkọtaya de Graft ti ìjọ Mẹ́tọ́díìsì bẹ̀rẹ̀ ilé ìwé ní Àgbádárìgì, Crowther sì gúnlẹ̀ síbí ní January 1845, ní etí omi kan náà tí wọ́n ti ń kó ẹrú kọjá.

Mo sọ èyí níjọ́ yẹn, ilé sì rọlẹ̀ díẹ̀. A ní kí táímù tébù máa wáyé láàárọ̀, tó bá dọjọ́ ọjà kí tíṣà kó àwọn ọmọ lọ sí Agbálátà, kí wọ́n lọ ṣírò ṣéńjì lọ́dọ̀ àwọn ìyá ẹlẹ́ja.