Ọkọ̀ Ìgbòkun Ẹlẹ́sẹ̀ Méjì: Èyí Tí Ẹ Lè Dá Gbé Dìde Ni Kí Ẹ Rà

Ìbéèrè tí àwọn tó ń wá ra ọkọ̀ ìgbòkun máa ń kọ́kọ́ bi mí ní èbúté Ìwòpin, létí Ọ̀sà Lẹ́kì, ni pé, "Ọ̀gá, èwo ló sáré jù?" N kì í dá wọn lóhùn. Èmi náà á bi wọ́n pé, tí ọkọ̀ bá yí sáàárín ọ̀sà, tó jẹ́ ẹ̀yin nìkan lẹ wà níbẹ̀, ta ni yóò bá yín gbé e dìde? Ẹ̀rín ni ọ̀pọ̀ wọn máa ń fi dá mi lóhùn, nítorí pé ọkọ̀ náà kò jọ ohun tó ń yí.

Kàtámáràànì ni mò ń sọ: ọkọ̀ tẹ́ẹ́rẹ́ méjì tí wọ́n fi irin ìdábùú so pọ̀, tí wọ́n wá ta àwọ̀n líle sí àárín wọn fún ìjókòó. Ẹsẹ̀ la máa ń pe ọ̀kọ̀ọ̀kan. Bí ẹsẹ̀ méjèèjì ṣe jìnnà síra ni kì í jẹ́ kó mì bí ọkọ̀ igi àwọn apẹja wa. Ibẹ̀ gan-an ló ti ń tan èèyàn jẹ. Ọkọ̀ igi máa ń kìlọ̀ fún èèyàn. Á fì síhìn-ín, á fì sọ́hùn-ún, ẹ ó ti mọ̀ pé kẹ́ ẹ jókòó jẹ́ẹ́. Ti kàtámáràànì kò rí bẹ́ẹ̀. Afẹ́fẹ́ á rọ́ lu ìgbòkun, ẹsẹ̀ kan á gbéra kúrò lójú omi, á sì máa dùn mọ́ yín. Bí ẹ kò bá tètè dẹ okùn ìgbòkun, omi lẹ ó bá ara yín. Fífẹ̀ tó jẹ́ kó dúró sán-ún tẹ́lẹ̀ náà ni kò ní jẹ́ kó fẹ́ padà dìde.

Ẹni tó bá ti dé Lagos Yacht Club rí, ẹgbẹ́ àwọn tó ń wa ọkọ̀ ìgbòkun tí wọ́n dá sílẹ̀ lọ́dún 1932, kàtámáràànì tí wọ́n ń pè ní Hobie 16 ni ojú rẹ̀ máa ń wà lára, torí òun ló rí níbẹ̀. N kò bú Hobie 16. Ọkọ̀ gidi ni, ó gùn ju mítà 5 lọ díẹ̀, kílò 145 ló wọ̀n, ìgbòkun méjì ló ní, ó sì máa ń fò lójú omi. Ṣùgbọ́n ẹni méjì ni wọ́n ṣe é fún. Bó bá yí, ara èèyàn tó tó nǹkan bíi kílò 136 ló gbọ́dọ̀ fa okùn kó tó dìde. Ẹni tó wọn kílò 75 á fà á títí ilẹ̀ á fi ṣú. Àpò kan wà tí wọ́n ń bu omi sí, tí wọ́n ń gbé kọ́ èjìká láti fi kún ìwọ̀n ara. Ó ń ṣiṣẹ́, àmọ́ kì í ṣe ohun tí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ lè máa bá jìjàkadì nínú omi. Imú rẹ̀ náà tún tẹ́ẹ́rẹ́. Bí afẹ́fẹ́ líle bá ń ti ẹ̀yìn bọ̀, imú lè rì, kí ìdí gbéra, kí ọkọ̀ ta tàkìtì.

Ẹ̀gbọ́n kan láti Ìjẹ̀bú-Òde kò gbà fún mi, ó ra àlòkù Hobie 16. Àwọn apẹja ló lọ bá a lórí ikùn ọkọ̀ lọ́jọ́ kan. Wọ́n ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ bọ́ sínú ọkọ̀ wa, ẹ fi ìyẹn sílẹ̀ ná." Ó ní, "Kí n fi kí ni sílẹ̀? Owó mi nìyẹn!" Ìjẹ̀bú gidi ni. Wọ́n fa òun àti owó rẹ̀ padà sí èbúté.

Hobie 14 ni ẹlòmíràn máa ń mú wá, wọ́n á ní ti ẹnì kan ni wọ́n ṣe é fún. Òótọ́ ni, kílò 109 ló wọ̀n, ìgbòkun kan ṣoṣo ló sì ní. Àléébù rẹ̀ ni pé kì í fẹ́ yí ojú. Gbogbo kàtámáràànì kékeré báyìí ló fúyẹ́, bí ẹ bá ní kó kọjú sí afẹ́fẹ́ kó lè bọ́ sí òdìkejì, eré rẹ̀ á kú láàárín ọ̀nà, á wá dúró gbagidi, á tún máa rìn sẹ́yìn. Ìgbòkun kékeré iwájú ló máa ń ran irú rẹ̀ lọ́wọ́ láti parí yíyí, Hobie 14 kò sì ní in. Ẹni tó ti mọ ọwọ́ rẹ̀ á gbádùn rẹ̀. Ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ á máa ṣẹ́ èpè.

Èyí tí mo máa ń ní kí wọ́n wá ni Hobie Wave tàbí irú rẹ̀. Kò tó mítà 4 ní gígùn, nǹkan bíi kílò 111 ló wọ̀n. Ìgbòkun kan ni òun náà ní, kò sì yá ju ti ìṣáájú lọ níbi yíyí ojú, àmọ́ ẹsẹ̀ rẹ̀ sanra níwájú, imú rẹ̀ kì í tètè rì. Kò ní igi ìdábùú nísàlẹ̀ ìgbòkun, nítorí náà kò sí ohun tó máa gbá yín lórí. Ẹnì kan tí ara rẹ̀ kò fúyẹ́ jù lè dá a gbé dìde. Irú ike tí wọ́n fi ń ṣe tánkì omi orí ilé ni wọ́n fi ṣe é, ẹ lè wọ́ ọ lórí iyanrìn kó má fọ́. Ibi tí ike náà ti burú ni pé bó bá là, àwọn tó ń lẹ ọkọ̀ fáíbà létí omi kò rí i ṣe. Ó ń fẹ́ ẹni tó mọ bí wọ́n ṣe ń fi iná jó ike pọ̀.

Bí wọ́n ṣe ń gbé e dìde nìyí. Ẹ má ṣe kúrò lára ọkọ̀, nítorí afẹ́fẹ́ á gbé e lọ ju bí ẹ ṣe lè wẹ̀ lọ. Ẹ dẹ okùn ìgbòkun pátá, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ ìgbòkun á kún fómi. Ẹ wẹ̀ lọ síwájú, kí ẹ fi ara yín fa imú rẹ̀ títí á fi kọjú sí afẹ́fẹ́. Ẹ wá ju okùn ìgbédìde gba orí ẹsẹ̀ tó wà lókè, ẹ dúró lórí èyí tó wà nísàlẹ̀, kí ẹ fara ti ẹ̀yìn títí ìdí yín á fi fẹ́rẹ̀ẹ́ kan omi. Ẹ má ja okùn. Ẹ dúró bẹ́ẹ̀. Òpó tó gbé ìgbòkun dúró á kọ́kọ́ gbéra díẹ̀díẹ̀, afẹ́fẹ́ á wọ abẹ́ ìgbòkun, ìyókù á yá kíákíá. Bó bá ti ń já bọ̀, ẹ di irin ìdábùú mú, kó má bàa lọ láìsí yín. Kí ẹ tó sanwó, ẹ ní kí olówó ọkọ̀ jẹ́ kí ẹ yí i, kí ẹ sì dá gbé e lójú rẹ̀. Bó bá kọ̀, ẹ wá ibòmíràn lọ.

Ọ̀sà tiwa tún ní tirẹ̀. Ọ̀pọ̀ ibi ni omi Ọ̀sà Lẹ́kì kò ti tó mítà 3, nítorí náà bí ọkọ̀ bá dojú dé pátápátá, ẹrẹ̀ ni òpó á gún. Ẹ ra bọ́ọ̀lù tí wọ́n ń so mọ́ orí òpó, òun ni kì í jẹ́ kó rì. Ẹ má ra èyí tó ní pákó tí wọ́n ń tì gba inú ẹsẹ̀ bọ inú omi; ojú oró, àwọ̀n àti àwọn igi àkájà tí àwọn apẹja ń rì mọ́ inú omi á máa mú un. Ìtọ́kọ̀ tó wà ní ìdí ọkọ̀ náà gbọ́dọ̀ jẹ́ irú èyí tó máa ń ká sókè bó bá gbá nǹkan.

Afẹ́fẹ́ òkun tó máa ń fẹ́ láti gúúsù lọ́sàn-án ni kí ẹ fi kọ́ṣẹ́ bó bá jẹ́ Ìwòpin lẹ ti ń gbéra, torí ilé ló máa ń gbé èèyàn padà sí. Afẹ́fẹ́ ọyẹ́ láàárọ̀, ẹ̀yìn ilé ló ti ń wá, àárín ọ̀sà ló ń tì yín lọ. Bí ojú ọ̀run bá ṣú dẹ̀dẹ̀ níhà ìlà-oòrùn láàárín oṣù kẹta sí ìkarùn-ún, ẹ má tilẹ̀ ta ìgbòkun. Láìfù jákẹ́ẹ̀tì kò gba àríyànjiyàn.

Bó bá jẹ́ àlòkù ọkọ̀ fáíbà lẹ fẹ́ rà, ẹ fi àtàǹpàkò tẹ orí ẹsẹ̀ rẹ̀ nítòsí ìdí òpó. Bó bá ń rì lábẹ́ ọwọ́ yín, inú rẹ̀ ti bàjẹ́. Ẹ fa àwọ̀n ìjókòó rẹ̀ dáadáa, torí oòrùn máa ń jẹ ẹ́. Wáyà tó di òpó mú, ẹ kàn pààrọ̀ rẹ̀, ẹ má wulẹ̀ yẹ̀ ẹ́ wò. Òpó Hobie 16 ga tó mítà 8, tí alumíníọ̀mù sì wà lára rẹ̀. Kí ẹ tó gbé òpó ọkọ̀ èyíkéyìí dúró létí omi, ẹ kọ́kọ́ wòkè bóyá wáyà NEPA kò kọjá níbẹ̀.