Ọ̀rá àrokò ni, kì í ṣe "ọ̀rá alààyè"

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi bẹ àwọn tó ń túmọ̀ ìwé ìlera kí wọ́n yé pe bioactive lipid, ìyẹn irú ọ̀rá kan tó ń jíṣẹ́ nínú ara, ní "ọ̀rá alààyè". Inú ìwé pélébé kan tí wọ́n ń pín kiri níbí ní Òṣogbo, tó ń sọ̀rọ̀ jẹjẹrẹ ọpọlọ, ni mo ti rí i, inú sì bí mi gan-an. Ọ̀sẹ̀ yẹn náà ni ìyá kan tó ń ta epo pupa ní Ọjà Ọba pè mí jókòó, tó ní, "Tísà, wọ́n ní ọ̀rá alààyè ló ń bá jẹjẹrẹ ṣiṣẹ́ nínú ọpọlọ. Ṣé epo tí mò ń tà yìí náà wà láàyè ni?" Ẹ̀rù ń bà á ní tòótọ́. Ohun tó bá wà láàyè a máa jẹ, a máa mu, a máa bí sí i. Ọ̀rá tí à ń wí yìí kò ṣe ọ̀kankan nínú wọn.

Àwọn kan kọ "láípíìdì báyóákítíìfù". Ariwo ẹnu lásán nìyẹn, tí wọ́n wá fi àmì ohùn ṣe lọ́ṣọ̀ọ́. Àwọn kẹta, tí mo bọ̀wọ̀ fún jù, ní "ọ̀rá aṣiṣẹ́". Ó sàn díẹ̀, ṣùgbọ́n ọ̀rá wo ni kì í ṣiṣẹ́? Èyí tó wà lábẹ́ awọ ń bá wa lé òtútù, èyí tó wà lára awọ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ tó yí sẹ́ẹ̀lì ká, ìyẹn àwọn ẹyọ tíntìntín tí a fi mọ ara wa, ni kò jẹ́ kí sẹ́ẹ̀lì dà sílẹ̀. Ohun tó ya tiwa yìí sọ́tọ̀ ni pé iṣẹ́ rírán niṣẹ́ ẹ̀: sẹ́ẹ̀lì kan ló ń fi í ránṣẹ́ sí òmíràn. Yorùbá sì ti ní orúkọ fún ohun tí a fi ń ránṣẹ́ láìlanu. Àrokò ni. Ọ̀rá àrokò ni mo pè é, mi ò sì ní yí i padà.

Ẹ wo bó ṣe bá a mu. Owó ẹyọ kan náà ni àwọn baba wa fi ń pe ọ̀rẹ́, òun náà ni wọ́n fi ń kọ ọ̀tá. Bí wọ́n bá so méjì pọ̀ tí wọ́n kọjú síra, "mo fẹ́ fojú kàn ọ́" nìyẹn. Bí wọ́n bá kẹ̀yìn síra, ìjà ti dé. Bí wọ́n ṣe so ó ló ń sọ̀rọ̀. Ọ̀rá àrokò méjì kan, ceramide àti sphingosine-1-phosphate, tí wọ́n ń gé kúrú sí S1P, bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni wọ́n rí. Ceramide ń sọ fún sẹ́ẹ̀lì pé, "Ó tó, kú." Ṣùgbọ́n bí wọ́n bá gé apá kan kúrò lára ceramide yìí kan náà, tí wọ́n so èròjà kan tó ń jẹ́ phosphate mọ́ èyí tó kù, ó di S1P, ó wá ń wí pé, "Má kú, bí sí i, máa rìn lọ." Oríṣi olùgbà 5 ló wà lára àwọn sẹ́ẹ̀lì tó ń gba àrokò S1P yìí, ohun tí ọ̀kan sì gbọ́ nínú ẹ̀ lè má jẹ́ ohun tí èkejì gbọ́.

Bí omi bá gbẹ lára ọpọlọ, bí ìdajì ohun tó kù ni ọ̀rá. Ẹ wá wo iye owó ẹyọ tó wà nílẹ̀ fún ẹni tó bá fẹ́ parọ́. Glioblastoma, tó wà lára jẹjẹrẹ ọpọlọ tó burú jù, ti mọ àrokò í so. Enzyme, ìyẹn òṣìṣẹ́ inú sẹ́ẹ̀lì, tó ń ṣe S1P máa ń pọ̀ nínú ẹ̀, nítorí náà "kú" ń di "má kú" kó tó débi tó ń lọ. Ó tún ní enzyme mìíràn, autotaxin, tó ń ṣe ọ̀rá àrokò mìíràn, LPA, èyí tó ń ran sẹ́ẹ̀lì jẹjẹrẹ lọ́wọ́ láti rá pálá wọ inú ọpọlọ tó dá ṣáṣá. Èyí tó dùn mí jù ni ti àwọn ọlọ́dẹ. Microglia, tí í ṣe ọlọ́dẹ ọpọlọ, àti àwọn ẹgbẹ́ wọn tó ti inú ẹ̀jẹ̀ wá, lè tó ìdá kan nínú mẹ́ta kókó jẹjẹrẹ náà, tàbí kó jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ojú ogun ni wọ́n wá, ṣùgbọ́n ọ̀rá kan tó ń jẹ́ prostaglandin E2 wà lára àwọn àrokò tó ń sọ fún wọn pé kí wọ́n sọ idà sílẹ̀. Olè fi àrokò èké sọ ọlọ́dẹ di alágbàṣe.

Prostaglandin yìí kan náà wà lára ohun tó ń fa ìgbiná ara: kí ojú ibẹ̀ pọ́n, kó gbóná, kó wú, kó máa dunni. Ní 1971 ni John Vane, onímọ̀ sáyẹ́ǹsì ọmọ Gẹ̀ẹ́sì, fi hàn pé aspirin kì í jẹ́ kí ara ṣe prostaglandin. Òun àti Bergström àti Samuelsson, tí àwọn náà ṣiṣẹ́ lórí prostaglandin, jọ gba ẹ̀bùn Nobel ní 1982. Àrokò tó ń ní kí ogun tú ká náà wà, bíi resolvin. Ibi tí a kò bá ti gbọ́ ọ, ìgbiná á jókòó pẹ́, jẹjẹrẹ á sì rí ibi fara tì.

Ẹnì kan tí a jọ ń ṣiṣẹ́ ìtumọ̀ ní àrokò ti di ìtàn, pé ọmọ ìsinsìnyí ò mọ̀ ọ́n. Kó bá mi gba ọ̀nà Ìlobùú lọ, kó wo ààlè tí wọ́n so mọ́ ìtí igi ìdáná. Ta ló ń mú un? Kó sì bi ara ẹ̀ ibi tí àwọn tó kọ́kọ́ sọ nǹkan wọ̀nyí lórúkọ ti mú orúkọ. Ní 1884, Thudichum, dókítà ọmọ Jámánì tó ń ṣiṣẹ́ ní Lọ́ńdọ̀nù, rí ọ̀rá kan nínú ọpọlọ tí kò yé e, ó sọ ọ́ ní sphingosine, ó fi rántí Sphinx, ẹbọra inú ìtàn Gíríìkì tó ń pàlọ́ fún èrò ọ̀nà. Inú ìtàn ló ti yọ ọ́, gbogbo ayé sì gbà. Ṣé tiwa nìkan ni ìtàn ò gbọdọ̀ wọ̀? Orúkọ tí kò bójú mu sì ń ṣini lọ́nà pẹ́. Ní 1935, von Euler, onímọ̀ sáyẹ́ǹsì ọmọ Sweden, sọ prostaglandin lórúkọ prostate, ẹ̀yà ara ọkùnrin kan, ó rò pé ibẹ̀ ló ti ń wá. Nígbà tó yá, a rí i pé fẹ́rẹ̀ẹ́ gbogbo ara ló ń ṣe é, ṣùgbọ́n orúkọ náà ò kúrò mọ́. Ìdí nìyẹn tí mo fi ń pariwo kí "ọ̀rá alààyè" tó ta gbòǹgbò.

Mo padà lọ bá ìyá elépo. Mo ní, "Ìyá, ẹ má fòyà, epo yín kọ́. Àwọn sẹ́ẹ̀lì ara wa ló ń pàrokò síra wọn, ọ̀rá ni wọ́n fi ń pa á. Jẹjẹrẹ ti wọ àárín wọn, ó ń pa àrokò èké."

Wọ́n gbé ìgò tó wà lọ́wọ́ wọn kalẹ̀. "Ẹ̀n-ẹ́n! Ìyẹn yé mi. Kí ló dé tí wọn ò kọ ọ́ bẹ́ẹ̀?"