Sítíárìn Tó Ń Le Lórí Eré Kò Bàjẹ́

Ẹjọ́ kan wà tí àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ra tòkunbọ̀ máa ń gbé wá bá àwa rèwáyà: "Bí mo bá ń páàkì, ìka kan ni mo fi ń yí sítíárìn. Bí mo bá dé márosẹ̀ Èkó sí Ìbàdàn, á wá le mọ́ mi lọ́wọ́. Ẹ bá mi wò ó, páwà ti fẹ́ kú." Páwà, ìyẹn ohun tó ń bá yín yí sítíárìn kó lè fúyẹ́, ò kú o. Iṣẹ́ tí wọ́n rán an ló ń jẹ́. Èyí tó yẹ kó já yín láyà ni kó fúyẹ́ bí ìgbà tí ẹ ń páàkì nígbà tí ẹ wà lórí eré 100.

Ẹ wo táyà iwájú. Bí ọkọ̀ bá dúró lójú kan tí ẹ ń yí sítíárìn, rọ́bà ń ha ilẹ̀, ẹ́ńjìnnì sì tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀. Agbára tó ń gbà níbẹ̀ kì í ṣe kékeré. Gbàrà tí táyà bá ti ń yí lọ, ó ti rọrùn. Àmọ́ lórí eré 100 kìlómítà ní wákàtí kan, nǹkan bíi mítà 28 ni ọkọ̀ ń lọ ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Bí sítíárìn bá fúyẹ́ jù, tí ẹ kàn sín, ẹ ti wà níwájú ọkọ̀ ẹlòmíì.

Ọjọ́ ti pẹ́ tí àwọn tó ń ṣe ọkọ̀ ti ń wá ojútùú sí i. Citroën SM tó jáde ní Faransé ní 1970 ti ní sítíárìn tó ń le sí i bí eré bá ń pọ̀, ṣùgbọ́n ọ́ìlì ló ń gbé e ṣiṣẹ́. Ní 1988, Suzuki gbé Cervo jáde ní Japan pẹ̀lú páwà oníná. Lónìí, Corolla ará Amẹ́ríkà tó kún ìgboro wa, ti 2009 sí 2013, páwà oníná ló wà lára rẹ̀. Kò sí páǹpù, kò sí ọ́ìlì. Bí mẹkáníìkì bá ní kí ẹ mú owó ọ́ìlì páwà wá fún irú ọkọ̀ yẹn, ẹ ní kó fi ibi tó fẹ́ dà á sí hàn yín.

Bí a bá tú ìdí sítíárìn Corolla yìí lábẹ́ dáṣíbọ́ọ̀dù, a ó bá irin tín-ín-rín kan tó so ọ̀pá òkè mọ́ ti ìsàlẹ̀. Bí ọwọ́ yín bá ń yí i tí táyà ò tíì fẹ́ gbọ́, irin yìí á lọ́ díẹ̀. Ojú ò lè rí lílọ́ náà, sẹ́ńsọ̀, ohun tó ń wọn nǹkan, tó wà lára rẹ̀ ló ń kà á. Ó lọ́ sọ́tùn-ún: bréèn bọ́ọ̀sì páwà, ìyẹn kọ̀ǹpútà kékeré tó ń darí rẹ̀, ti mọ̀ pé ọ̀tún lẹ ń lọ. Ó lọ́ púpọ̀: ó mọ̀ pé ẹ ń fi tipátipá yí i. Lẹ́yìn náà ló máa wo bí ọkọ̀ ṣe ń sáré tó. Nínú ọ̀pọ̀ ọkọ̀, àwọn sẹ́ńsọ̀ ẹsẹ̀ táyà tí ABS (bíréèkì tí kì í jẹ́ kí táyà há) ń lò ni ìròyìn eré ti ń wá. Yóò fi méjèèjì wo ìṣirò tí wọ́n ti kọ sínú rẹ̀ láti ilé iṣẹ́, á sì mọ iye iná tó máa fún mọ́tọ̀ kékeré, ẹ̀rọ oníná tó ń bá yín yí ọ̀pá náà. Níbi ìpáàkì, iná rẹpẹtẹ. Lórí márosẹ̀, táṣẹ́rẹ́. Irin ṣì so ọwọ́ yín mọ́ táyà ní gbogbo ìgbà. Bí mọ́tọ̀ náà bá kọṣẹ́, sítíárìn á wúwo bí òkúta, ṣùgbọ́n ọkọ̀ á ṣì yà síbi tí ẹ bá yà á sí.

Nítorí pé iná ni oúnjẹ rẹ̀, bátìrì ni mo máa ń kọ́kọ́ bẹ̀ wò. Bí ẹ́ńjìnnì bá ń ṣiṣẹ́, ó yẹ kí mítà tí a fi ń wọn iná bátìrì ka nǹkan bíi 13.5 sí 14.5 fólítì. Mo ti rí ẹni tí wọ́n fẹ́ ta odindi ìdí sítíárìn fún, kó tó di pé a fọ orí bátìrì rẹ̀ tó ti hu funfun, tí páwà sì padà. Bí iná P/S (ti páwà) àti ti ABS bá jọ tàn lórí dáṣíbọ́ọ̀dù, tí atọ́ka eré náà sì ń ṣe ségesège, ẹ yẹ sẹ́ńsọ̀ ẹsẹ̀ táyà wò ná. Bí bréèn bọ́ọ̀sì ò bá mọ eré ọkọ̀ mọ́, ó sábà máa ń dín ìrànlọ́wọ́ kù.

Àwọn tó ń yí sítíárìn dé ìpẹ̀kun tí wọ́n sì dì í mú síbẹ̀ ń kọ́? Mọ́tọ̀ náà á gbóná, bréèn bọ́ọ̀sì á sì fa iná sẹ́yìn kó má bàa jóná. Ẹ jẹ́ kó sinmi fún ìṣẹ́jú mélòó kan.

Bó bá wá di dandan kí ẹ pààrọ̀ ìdí sítíárìn, iṣẹ́ ò parí síbi kí wọ́n de bóòtù. Wọ́n gbọ́dọ̀ fi skáánà, ẹ̀rọ tí a fi ń bá bréèn bọ́ọ̀sì ọkọ̀ sọ̀rọ̀, kọ́ sẹ́ńsọ̀ tuntun náà ní ibi tó jẹ́ àárín, táyà á dúró gbọnrangandan, ẹnikẹ́ni ò sì gbọdọ̀ fọwọ́ kan sítíárìn lásìkò náà. Bí wọn ò bá ṣe é, ọkọ̀ lè máa fà sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan fúnra rẹ̀. Bí ẹni tó ṣe é bá ní kò pọn dandan, ẹ má tíì san owó tó kù.