Ìdí Tí Bàálù Fi Pẹ́ Ló Ń Pinnu Ohun Tí Èrò Lè Gbà

Bàálù tó máa gbéra nírọ̀lẹ́ lè ti rìnrìn-àjò méjì tàbí mẹ́ta kí ọ̀sán tó pọ́n. Bó bá fi ogójì ìṣẹ́jú pẹ́ níbi àkọ́kọ́, ogójì ìṣẹ́jú yẹn á máa bá a kiri títí ilẹ̀ á fi ṣú, á sì tún máa bímọ lọ́nà. Ìdí nìyẹn tí bàálù ìdájí kì í fi í sábà pẹ́ tó ti ìrọ̀lẹ́. Òfin tún pààlà sí iye wákàtí tí awakọ̀ àtàwọn òṣìṣẹ́ inú rẹ̀ lè fi ṣiṣẹ́ lójúmọ́. Bí wákàtí wọn bá ti pé, wọn ò ní gbéra, bí wọ́n tiẹ̀ ti tún ẹ́ńjìnnì ṣe tán. Àfi kí wọ́n wá àwọn míì.

Bí pátákó ìsọfúnni ní pápákọ̀ òfuurufú bá kọ ọ́ pé ó ku ọgbọ̀n ìṣẹ́jú, tó tún ń sún un síwájú, ibi tí bàálù náà gan-an wà ló yẹ kéèyàn wò. Áàpù tó ń tọpasẹ̀ bàálù máa ń fi í hàn lórí fóònù. Bó bá jẹ́ pé ìlú míì tó jìn tó wákàtí méjì ló ṣì wà, ọgbọ̀n ìṣẹ́jú orí pátákó yẹn, ọ̀rọ̀ ìtùnú lásán ni.

Bí wọ́n bá wá fagi lé e, ìjókòó tó ṣẹ́ kù lórí bàálù tó kàn kì í tó nǹkan, àwọn tó ń wá a sì lè lé ní igba. Kéèyàn tò níwájú káńtà, kó máa pe ilé iṣẹ́ tó ni bàálù náà lórí fóònù bó ṣe ń tò, kó sì ṣí áàpù wọn pẹ̀lú. Èyí tó bá kọ́kọ́ dáhùn ni kó mú. Kó ti fúnra rẹ̀ wá nọ́ńbà bàálù míì tó ṣì láyè kó tó dé iwájú, kí kóòdù onílẹ́tà tàbí nọ́ńbà mẹ́fà tó wà lórí tíkẹ́ẹ̀tì sì wà lárọ̀ọ́wọ́tó. Òṣìṣẹ́ tó ti ń gbọ́ èébú látàárọ̀ máa ń tètè dá ẹni tó mọ ohun tó ń wá lóhùn. Ẹni tó bá fi ìbínú fagi lé tíkẹ́ẹ̀tì ara rẹ̀, owó rẹ̀ lè wọmi, torí òun ló yí ọkàn padà lójú ìwé. Ẹni tó bá sì fo bàálù àkọ́kọ́, tó wọ reluwé lọ pàdé èkejì, ó ṣeé ṣe kó bá a pé wọ́n ti pa ìyókù tíkẹ́ẹ̀tì náà rẹ́.

Bí gbogbo ìrìn-àjò bá wà lórí tíkẹ́ẹ̀tì kan, tí bàálù àkọ́kọ́ sì pẹ́ débi tí èkejì fi lọ, ilé iṣẹ́ ọkọ̀ ló máa wá òmíràn fún èrò. Bó bá jẹ́ tíkẹ́ẹ̀tì méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ló rà torí pé ó dínwó, ẹni tí kò wá ni lójú ilé iṣẹ́ kejì, tíkẹ́ẹ̀tì sì jóná nìyẹn. Bí wọ́n bá ń yí ọ̀nà padà fúnni, kéèyàn bi wọ́n pé ìlú wo ni wọ́n máa gbà kọjá: àwọn orílẹ̀-èdè kan ń béèrè físà lọ́wọ́ àwọn èrò kan bí wọn ò tiẹ̀ ní jáde nínú pápákọ̀ òfuurufú.

Ní ti owó, òfin Ìṣọ̀kan Yúróòpù, nọ́ńbà 261 ti ọdún 2004, ló fi ọ̀rọ̀ náà sí kedere jù. Ó kan bàálù èyíkéyìí tó bá gbéra láti ilẹ̀ wọn, àti èyí tó ń bọ̀ síbẹ̀ bó bá jẹ́ ti ilé iṣẹ́ ibẹ̀. Bí èrò bá fi wákàtí mẹ́ta tàbí jù bẹ́ẹ̀ pẹ́ dé ibi tó ń lọ, owó gbà-má-bínú jẹ́ 250 yúrò fún ìrìn-àjò tí kò ju 1,500 kìlómítà lọ, 400 fún èyí tí kò kọjá 3,500, àti 600 fún èyí tó jìn jù bẹ́ẹ̀ lọ sí òde ilẹ̀ wọn. Wọ́n lè san ìdajì 600 yẹn péré bí ìfàsẹ́yìn náà kò bá tó wákàtí mẹ́rin. Ìgbà tí ilẹ̀kùn bàálù ṣí ni wọ́n ń kà sí àkókò tó dé. Kì í ṣe ìgbà tí táyà kan ilẹ̀. Kí èrò wo aago nígbà náà, torí ìṣẹ́jú mẹ́wàá lè jẹ́ 250 yúrò.

Ìjì, yìnyín àti ìdaṣẹ́sílẹ̀ àwọn tó ń darí ojú òfuurufú kì í mú owó yìí wá. Ìbàjẹ́ ẹ́ńjìnnì máa ń mú un wá lọ́pọ̀ ìgbà, torí iṣẹ́ wọn ni àtitọ́jú ọkọ̀ wọn. Nítorí náà, kéèyàn béèrè ìdí tó fi pẹ́, kí wọ́n sì kọ ọ́ sílẹ̀ tàbí kí wọ́n fi í ránṣẹ́ sórí fóònù. Ohun yòówù tó fà á, oúnjẹ tọ́ sí èrò, hòtẹ́ẹ̀lì náà sì tọ́ sí i bó bá di ọjọ́ kejì. Bí wọn ò bá pèsè rẹ̀, kó rà á níwọ̀nba, kó sì tọ́jú rìsíìtì.

Báàgì tí kò bá jáde, inú pápákọ̀ ni wọ́n ti ń fẹjọ́ rẹ̀ sùn, kéèyàn tó jáde síta, kí wọ́n sì fún un ní ìwé tó ní nọ́ńbà. Lábẹ́ Àdéhùn Montreal ti ọdún 1999, ìyẹn àdéhùn àwọn orílẹ̀-èdè lórí ìrìn-àjò bàálù, ọjọ́ méje ni èèyàn ní láti kọ̀wé nípa báàgì tó bàjẹ́, ọjọ́ mọ́kànlélógún sì ni fún èyí tó pẹ́, látọjọ́ tó tẹ̀ ẹ́ lọ́wọ́. Bí ọjọ́ mọ́kànlélógún bá kọjá látìgbà tó yẹ kó dé tí a ò rí i, ó ti sọ nù lójú òfin. Ọdún méjì ni àkókò àtipe ẹjọ́ fi ń parí.